Ẹ má tíì bú gọ́ọ̀mù irin o

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsùn. Lẹ́tà kan tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló sọ mí di akọ̀wé ọ̀sán gangan, lẹ́tà ẹni tó ní jìbìtì pọ́ńbélé ni gọ́ọ̀mù irin, pé kò sí gọ́ọ̀mù kankan tó lè lẹ irin tó ti sán, pé olè ni gbogbo àwọn tó ń tà á, ká yáa máa gbé nǹkan wa lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Ọmọ mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ kà á sí mi létí níbi tí mo ti ń gbọn ata lẹ́nu ẹ̀rọ, mo ní kó gbé e wá, mo wọ dígí mi, mo tún un kà fúnra mi torí mo rò pé ọmọ yẹn ti fi iyọ̀ sí i. Kò fi iyọ̀ kankan sí i, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe tẹ̀ ẹ́.

Inú mi ò dùn sí i rárá. Kì í ṣe pé mò ń ta gọ́ọ̀mù o, ata ni mò ń lọ̀. Ata, ẹ̀wà, ògì, ẹ̀gúsí nígbà tí owó bá wà lọ́wọ́ aráàlú, ní Láfẹ́ńwá níbí, kò jìnnà sí rélùwéè, ọdún kejìlélógún mi rèé nídìí ẹ̀rọ ìlọta. Mi ò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, àmọ́ ẹni tí ẹ́ńjìn ń bọ́ òun àti ọmọ mẹ́rin, ó di dandan kó mọ ìgbà tí ẹ́ńjìn ń wúkọ́ àti ìgbà tó ń sunkún. Mo sì mọ̀ pé nǹkan tó ṣe ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ló ṣe èmi náà, òun kàn tètè bínú kúrò nídìí ọ̀rọ̀ ni, èmi dúró díẹ̀ sí i.

Bó ṣe rí nìyí. Ẹ́ńjìn mi, díísù ló ń mu, sìlíńdà kan, èyí tó lanu sókè tí wọ́n ń bu omi sí lórí, omi ẹ̀ á máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tá a bá ti ṣiṣẹ́ dọ́sàn-án. Olóògbé ọkọ mi ló rà á ní tòkunbọ̀. Irin kan wà tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, tó so sálẹ́ńsà mọ́ ara ẹ́ńjìn, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ sán. Ohùn ẹ̀ ni mo fi mọ̀. Ẹ́ńjìn tó ti ń sọ pé túkù-túkù-túkù ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé tásì-tásì, èéfín ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ó ń rọ́ sí mi lójú. Ìyá kan tó máa ń gbé ògì wá, ó máa ń pọnmọ sẹ́yìn dúró ti ẹ̀rọ, ọjọ́ kan ló ní orí ń fọ́ òun ṣáá tóun bá ti dé ọ̀dọ̀ mi. Háà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ kúrò ní ti owó nìkan. Gáàsì kan wà nínú èéfín ẹ́ńjìn tí kò lóòórùn, tí kò láwọ̀, carbon monoxide ni wọ́n ń pè é, òun náà ló ń pa àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Mo pa ẹ́ńjìn lójú ẹsẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé ata wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì lọ́jọ́ yẹn.

Wẹ́dà ni mo kọ́kọ́ sáré lọ bá, kí ẹni tó kọ lẹ́tà lè mọ̀ pé mo ti débẹ̀. Ọmọkùnrin náà mọṣẹ́, òun ló ṣe géètì ilé wa, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó jó o, ó mọ́, ó dán, ó gbowó ẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìgbọ̀nwọ́ yẹn tún sán, kì í ṣe ojú ibi tó jó o, ìka méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbé e padà lọ, ó yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Màámi, káàsì ni, káàsì máa ń ṣe báyẹn." Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé irin ju irin lọ. Irin tí wọ́n fi ń ṣe géètì, kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀, ìyẹn èròjà tó pọ̀ nínú èédú, ò tó nǹkan, ẹ fìyà jẹ ẹ́ bó ṣe wù yín, á tẹ̀, kò ní kán. Káàsì, ìyẹn irin tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù, kábọ́ọ̀nù tiẹ̀ máa ń tó ìdá méjì sí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ó le lóòótọ́, àmọ́ bí àwo tánganran ló ṣe le, fífọ́ ló ń fọ́. Tí iná wẹ́dà bá bà á lójú kan, ojú yẹn á fẹ́ wú, èyí tó tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á ní kò ríbi wú sí, tó bá wá ń tutù á fẹ́ sún kì, wọn ò tún ní gbà fún un, ló bá sán síbòmíì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jó dáadáa, wọ́n á kọ́kọ́ yá gbogbo ara irin yẹn níná, wọ́n á fi róòdù oníníkẹ́ẹ̀lì jó o ní kékèké, wọ́n á wá rì í mọ́ inú eérú tàbí yanrìn gbígbẹ kó lè tutù pẹ̀lú sùúrù, nígbà míì ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó yọ ọ́. Wẹ́dà mélòó lẹ mọ̀ tó máa fún yín nírú àsìkò yẹn? Róòdù yẹn gan-an, owó ẹ̀ ò ṣe é gbọ́ sétí. Torí náà kéèyàn ní ká ṣáà máa kó gbogbo nǹkan tó sán lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, ó dà bíi kéèyàn ní kí gbogbo aláìsàn lọ yọ eyín.

Ìyẹn ló gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù sípíà páàtì. N ò ní sọ ibi tó wà. Mo ní mo fẹ́ gọ́ọ̀mù tó lè lẹ sálẹ́ńsà, ọmọ tó jókòó síbẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù ẹ̀, ó nawọ́ sẹ́yìn, ó mú páálí pẹlẹbẹ kan fún mi, túùbù méjì wà nínú ẹ̀, ọ̀kan dúdú ọ̀kan funfun, fọ́ọ̀ mínítì tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, èyí tí wọ́n ní mínítì mẹ́rin ló fi ń gan. Mo bi í pé ṣé iná ò ní jó o. Ó ní, "Mummy, 500 ni wọ́n kọ sí i, kí ló tún kù?" Lóòótọ́, 500 wà níbẹ̀ gàdàgbà. Mo sanwó.

Mo pò ó, mo lẹ̀ ẹ́, ó le bí òkúta kí n tó fọwọ́ tán, inú mi dùn, mo tan ẹ́ńjìn. Wákàtí kan ò tíì pé tí òórùn kan fi bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí abọ́ ike bá já sórí sítóòfù. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gọ́ọ̀mù yẹn ti dúdú, ó ti wú kúlúkúlú bí àkàrà tí wọ́n gbàgbé sínú epo, mo fi ìṣó kàn án báyìí, ó wó wuruwuru sílẹ̀. Mo bú ọmọ yẹn, mo bú ọ̀gá ẹ̀, mo bú àwọn tó ṣe é níbikíbi tí wọ́n bá ti ṣe é. Ká ní mo mọ àdírẹ́sì yín nígbà yẹn ni, èmi gan-an ni ǹ bá kọ lẹ́tà tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọ mi ló lọ mú páálí yẹn látinú dọ́síbìn. Ó ní, "Màámi, ẹ wo ẹ̀yìn 500 yẹn, F ló wà níbẹ̀ o, kì í ṣe C." Mo ní kí ni F, kí ni C, má fi ìwé dà mí láàmú. Ló bá jókòó tì mí. Ó ní ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ka ooru, àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo Fahrenheit, àwa ń lo Celsius. Omi tó ń hó, 100 ni tiwa, 212 ni tiwọn. 500 tiwọn tí wọ́n kọ sára páálí yẹn, 260 péré ni tiwa. Ìgbọ̀nwọ́ sálẹ́ńsà ẹ́ńjìn díísù tó ń ṣiṣẹ́ gidi sì lè kọjá 400. Mo wo páálí yẹn títí. Òótọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀ o. Ọmọ tó tà á ni ò mọ̀ ọ́n kà, èmi náà ò sì bèèrè.

Nǹkan tó wá yí mi lérò padà pátápátá nìyí. Kò ju oṣù méjì lọ sígbà yẹn, ara ẹ́ńjìn kan náà tún sán níbòmíì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi wà, ìlà tín-ín-rín bí irun orí, omi ń kán níbẹ̀ tó, tó, tó. Owó ò sí lọ́wọ́. Túùbù méjì yẹn ṣì kù ju ìdajì lọ, mo ní kò burú, kí n kúkú fi òfò yìí dán an wò. Mo lẹ̀ ẹ́, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ torí mo fẹ́ mọ ọjọ́ tó máa já mi kulẹ̀. Oṣù kẹrìnlá rèé o. Òjò ti fọ ṣọ́ọ̀kì yẹn nù lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta, gọ́ọ̀mù yẹn wà níbẹ̀ gbáígbáí. Gọ́ọ̀mù kan náà, páálí kan náà, ọwọ́ kan náà ló lẹ̀ ẹ́. Ìdí tó fi dúró ni pé omi tó lanu sókè báyẹn ò lè gbóná kọjá 100, tó bá ti dé 100 híhó ló máa kù, oru ló ń gbé ooru tó bá ṣẹ́ kù lọ. Níwọ̀n ìgbà tí omi ò bá gbẹ níbẹ̀, gọ́ọ̀mù mi tó lè fara da 260, bí ẹni tó wà níbòòji ló ṣe rí.

Túùbù méjì yẹn, epoxy ni, irú ike kan ni tó máa ń le tí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọ́n wá po lẹ́búlẹ́bú irin mọ́ ọn kó lè lágbára kó sì lè máa bá irin wú díẹ̀ tí ooru bá dé. Bó ti wù kó le tó, ike ni, tí ooru bá ti kọjá agbára ẹ̀ á rọ̀, á sì jó. Irú epoxy tó máa ń gba ọjọ́ kan gbáko kó tó le máa ń fara da ooru ju fọ́ọ̀ mínítì lọ. Lára àwọn tó lórúkọ jù lágbàáyé ni J-B Weld, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sam Bonham ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Sulphur Springs, ní Texas l'Amẹ́ríkà, ní 1969, ọmọ mi ló kà á fún mi lórí fóònù. 550 ni wọ́n kọ sí i, F náà ni, ìyẹn bíi 287 tiwa. Bó ṣe gbajúmọ̀ tó yẹn, òun náà ò ní sún mọ́ ìgbọ̀nwọ́ sálẹ́ńsà.

Kí ni mo wá fi lẹ sálẹ́ńsà? Mo padà sọ́jà, ṣọ́ọ̀bù míì, mo ní èyí tí wọ́n ń lẹ sálẹ́ńsà mọ́tò ni mo fẹ́, tinú agolo. Ó yàtọ̀ pátápátá. Kò ní túùbù méjì, kò ní hádínà, ìyẹn túùbù kejì tó ń mú epoxy le, nǹkan tó rí bí amọ̀ eléérú ni. Sodium silicate ló wà nínú irú èyí, yanrìn àti sódà ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ fi ṣe é, wọ́n á wá po ẹ̀lọ̀ òkúta mọ́ ọn. Kò sí ike nínú ẹ̀ tí iná fẹ́ jó, iná gan-an ló ń mú un le, bí ìkòkò amọ̀ ṣe ń rí tí wọ́n bá sun ún. 1,000 ni wọ́n kọ sára tèmi, C ni o, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó. Àmọ́ òun náà níwà tiẹ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ fi omi ta ojú irin yẹn díẹ̀ kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, kó lè mú un. Ẹ ò sì gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìn kẹ́ ẹ máa lọ ẹ̀wà lójú ẹsẹ̀, torí omi ṣì wà nínú gọ́ọ̀mù yẹn, tó bá hó lójijì á gbé e dìde bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí, ó bàjẹ́ nìyẹn. Mo jẹ́ kó sùn mọ́jú, láàárọ̀ mo tan ẹ́ńjìn lófìfo, mínítì mẹ́wàá, mo pa á, mo jẹ́ kó tutù, mo tún tan án, kí n tó da ata sí i. Nǹkan míì ni pé kì í di irin mú, ó kàn ń dí ihò ni, ẹ ò lè ní kó gbé sálẹ́ńsà dání. Mo gé agolo mílíìkì, mo fi wé e lórí, mo fi wáyà dè é. Ẹ má sì fi dí ibi tí omi ń gbà o, omi á fọ̀ ọ́ lọ. Mi ò ní tàn yín, oṣù mẹ́sàn-án ló lò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fín díẹ̀, mo ha á kúrò mo tún un lẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án sí ọjọ́ mẹ́sàn-án ti wẹ́dà, ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣírò ẹ̀.

Ẹ lè ní báwo lèèyàn ṣe máa mọ bí ibì kan ṣe gbóná tó, ta ló ní irin iṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ooru nílé? Ẹni tó bá ti yan gààrí rí, ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ta omi kán sí i. Tí omi yẹn bá kàn sùn síbẹ̀ tó ń gbẹ jẹ́jẹ́, kò tíì dé 100. Tó bá dún ṣàà tó hó tó gbẹ, ó ti kọjá 100. Tí omi yẹn bá di róboróbo tó ń yí kiri bíi bọ́ọ̀lù, tó ń jó káàkiri kó tó gbẹ, bó ṣe máa ń ṣe nínú agbada gààrí tó gbóná jù, ó ti tó 200 nìyẹn tàbí kó ti kọjá ẹ̀, ẹ yáa jìnnà síbẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀ mínítì. Tó bá wá di alẹ́ tẹ́ ẹ pa iná tẹ́ ẹ rí i tí sálẹ́ńsà ń pọ́n fòò nínú òkùnkùn, irin tó bá ti ń pọ́n lójú òkùnkùn ti tó bíi 500 tàbí kó ti kọjá ẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ayé àtijọ́ náà ò ní tẹ̀mómítà kankan, àwọ̀ irin ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí òòlù bọ́ sí i.

Ibi tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bàjẹ́, ọ̀rọ̀ ìmúrasílẹ̀ ni, kì í ṣe ti ooru nìkan. Bàbá àgbàlagbà kan, mẹkáníìkì ni wọ́n, ọ̀nà Adátán ni wọ́n ń gbé, àwọn ló kọ́ mi lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lẹ ti ibi omi yẹn. Mo ti gbé túùbù dání, mo fẹ́ kàn fún un sórí ìlà yẹn ni, wọ́n ní, "Ìyá Ẹlẹ́rọ, ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Ẹ ò tíì mọ ibi tó sán dé." Mo ní mo rí i, ó hàn kedere. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi àkísà tó rin fún kẹrosín nu ojú ibẹ̀, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nù ún mọ́ tónítóní, wọ́n wá fi ṣọ́ọ̀kì funfun kùn ún káàkiri. A dúró. Nígbà tó yá ni ìlà kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ṣọ́ọ̀kì yẹn, kẹrosín tó ti wọnú ibi tó sán ló ń jáde padà. Ẹ ẹ̀ gbọ́, ìlà tí mo rò pé kò ju ìka kan lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìka mẹ́ta. Ká ní mo lẹ ìka kan yẹn ni, ìka méjì tó kù á máa rìn lọ nísàlẹ̀.

Wọ́n wá fi dírìlì lu ihò kékeré kan sí ìparí ìlà yẹn lápá méjèèjì, wọ́n rọra lù ú, kò wọlé jù. Mo ní ẹ̀ẹ́ṣe, ṣé ihò ò ti pọ̀ tó níbẹ̀ ni? Wọ́n ní tí aṣọ bá ya, ṣé ìyá ò mọ̀ pé ìdí yíya ni télọ̀ ń kọ́kọ́ so, torí ibẹ̀ ni gbogbo agbára ń fà sí. Irin tó sán náà, ẹnu ṣóńṣó ìparí ẹ̀ ló ń ya lọ, tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ di róbótó, kò ní ibi tó máa fi ẹnu mú mọ́. Mo dákẹ́. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, mo mọ̀ nípa aṣọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fáìlì. Wọ́n fi fáìlì fẹ ojú ìlà yẹn díẹ̀ kí gọ́ọ̀mù lè ríbi wọ̀, wọ́n sì ha ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí irin fi funfun, wọn ò jẹ́ kó dán o, wọ́n ní kó rí hẹ́gẹhẹ̀gẹ, gọ́ọ̀mù ò fẹ́ràn ibi tó ń yọ̀. Wọ́n wá fi pẹtiróòlù nù ún, níta, ẹ́ńjìn tutù, kò sí iná nítòsí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ìyẹn ṣeré. Lẹ́yìn tí wọ́n nù ún tán, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án mọ́, epo ara ìka nìkan tó láti ba iṣẹ́ jẹ́, ká má tíì sọ ìka èmi tó ń lọ ata alépo láti àárọ̀.

Pípò ẹ̀ náà níṣẹ́. Ẹ fún dúdú, ẹ fún funfun, gígùn wọn dọ́gba, ẹ pò ó títí àwọ̀ ẹ̀ fi di ti eérú láìsí ìlà dúdú tàbí funfun kankan. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á fi hádínà sí i ju bó ṣe yẹ lọ pé kó lè tètè le, dípò kó le dáadáa á di nǹkan yẹpẹrẹ, torí hádínà tó ṣẹ́ kù ò rí ẹni bá dé májẹ̀mú. Mínítì mẹ́rin tí wọ́n kọ sí i sì nìyí o, àsìkò tó máa fi gan ni, kì í ṣe àsìkò tó máa fi gbó. Ọjọ́ kejì ló ń gbó. Èmi gan-an jẹ̀bi ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, gígan tó gan ni mo rí tí mo fi tan ẹ́ńjìn. Tí ọyẹ́ bá mú tí ilẹ̀ tutù, ẹ tún fún un láyè sí i. Ẹ má jẹ́ kó kàn yín lára púpọ̀, ó máa ń yún àwọn kan.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni lẹ gọ́ọ̀mù sí, bí wọ́n tilẹ̀ kọ 2,000 sí i. Sìlíńdà gáàsì ìdáná. Ìyá kan ládùúgbò wa ló fi fọ́ọ̀ mínítì lẹ ọrùn sìlíńdà tó ń jò, mo rí i, ẹsẹ̀ mi gbọ̀n, mo ní ẹ gbé kiní yìí jáde kúrò nílé tọmọ-tọmọ. Gáàsì inú ẹ̀ ń fi agbára ti ara ẹ̀ síta tọ̀sán-tòru, ọjọ́ tó bá borí gọ́ọ̀mù yẹn kò ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin bíréèkì, irin sítíárì, gbogbo nǹkan tó jẹ́ pé tó bá já èèyàn á kú, ẹ ra tuntun. Ibi tí oúnjẹ ń gbà ńkọ́? Èyí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Lọ́dún tó kọjá, ẹnu ẹ̀rọ mi, ibi tá a ń da ata sí, òun náà là, mẹkáníìkì kan ní kí n jẹ́ kóun lẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ mínítì márùn-ún ni. Mo kọ̀. Ata àwọn èèyàn ń gba ibẹ̀ kọjá, òkúta ìlọta ń gbọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rún, inú ọbẹ̀ ta ló fẹ́ rún sí? Owó ẹnu ẹ̀rọ tuntun yẹn dùn mí wọra, àmọ́ mo san án.

Nítorí náà ẹ̀yin Olóòtú, nǹkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi sọ fáwọn tó ń ta sípíà páàtì ò pọ̀. Tẹ́nì kan bá wá ra gọ́ọ̀mù irin, ẹ bi í léèrè pé ibo ló sán, kẹ́ ẹ tó nawọ́ sẹ́yìn. Bí oògùn ni o, kò sí kẹ́míìsì tó dáa tó máa gbé oògùn fún yín láìbi yín pé kí ló ń ṣe yín. Ẹ yí páálí yẹn, ẹ wò ó bóyá F ni tàbí C, ẹ sọ fún wa, àwa tí ojú wa ò ríran dáadáa mọ́. Ọmọ tó ta tèmi fún mi, ká ní ó bi mí pé "Mummy, ibi omi ni àbí ibi èéfín" péré ni, ǹ bá ti bọ́. Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì náà, ẹ jẹ́ kó wà lára nǹkan tí ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ kó tó gba fíríìdọ̀mù, kò gba ju ọ̀sán kan lọ. Ìlú tí Ìwé Ìròyìn ti kọ́kọ́ jáde lédè Yorùbá ní 1859 la wà níbí, ó yẹ kéèyàn lè ka ẹ̀yìn páálí.

Ẹni tó kọ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ má bínú sí mi o. Tẹ́ ẹ bá ṣì ní nǹkan tẹ́ ẹ lẹ̀ yẹn nílé, ẹ ta omi kán sí i nígbà tó bá gbóná, kẹ́ ẹ kọ ọ́ wá bó ṣe ṣe, ó wù mí kí n mọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ń kọjá ní Láfẹ́ńwá, ẹ yà kẹ́ ẹ wá wo tèmi, àmọ́ ẹ má wá láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ẹ̀wà àwọn alákàrà ló máa ń pọ̀ nílẹ̀ nígbà yẹn.

Ìbéèrè kan ló kù tí mo ní fún àwọn òǹkàwé yín. Ìgbọ̀nwọ́ sálẹ́ńsà yẹn, mo ti lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì báyìí, mo sì mọ̀ pé kò lè máa lọ báyẹn títí, tuntun ẹ̀ ò sì sí lọ́jà mọ́ torí ẹ́ńjìn yẹn ti dàgbà ju ọmọ mi lọ. Tẹ́nì kan bá mọ ibi tí wọ́n ti ń da káàsì, tí wọ́n lè wo èyí tó ti sán yìí kí wọ́n fi ṣe mọ́ọ̀dù òmíì, ìbáà jẹ́ n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí, mo ti ní kí ọmọ mi máa rà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá Ẹlẹ́rọ,
Láfẹ́ńwá, Abẹ́òkúta.